Dúmúdámú Ọjọ́ Kejìlá

Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu wa ní ilẹ̀ Márúwà tí ọmọ ọwọ́ ti ń gbọ́ kó tó mọ orúkọ ara rẹ̀: dúmúdámú. Bí ènìyàn bá gbéyàwó, bó bá kọ́lé, bó bá ra katakata tuntun, bí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin bá yege ìdánwò, ohun tí a óò kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Ṣé dúmúdámú ni?" Ohun tí à ń béèrè ni pé ṣé ìlù dún títí etí fi ń hó, ṣé bọ́tà kán sílẹ̀ ní ìgúnpá àlejò, ṣé abúlé kejì gbọ́, ṣé ó dun ọ̀tá. Bí wọ́n bá ti ní bẹ́ẹ̀ ni, a óò mi orí, ọ̀rọ̀ parí. A kì í béèrè bóyá ara ìyàwó le. A sì ń lo ọ̀rọ̀ kan náà fún òkú. Bí àgbàlagbà bá kú, ọjọ́ kejìlá rẹ̀ ni à ń ṣe dúmúdámú, abúlé lóríṣiríṣi á wá jẹ ládù, àkàrà roboto olóróró tó dùn bí ṣúgà, nílé rẹ̀. Òfin wà tó ní kí a jáwọ́ nínú rẹ̀. Òfin náà kì í sábà wá síbi àsè wa.

Bágítà, bàbá Hajárì àti Pókárì, ti dùbúlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù lórí ibùsùn olókùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé màlúù, ó ń wúkọ́. Ohun kan ṣoṣo tó ń tọrọ ni wàrà gbígbóná tí a bu ṣúgà sí. Bí wọ́n bá rántí, wọ́n á fún un. Ní ti ọsibítù, Hajárì tó jẹ́ àkọ́bí rẹ̀ ní òtútù lásán ni, pé yóò lọ bí ooru bá dé. Ooru dé, bàbá lọ. Nígbà tó wá di ọjọ́ kejìlá, agolo bọ́tà tó wọ àgbàlá náà pọ̀ débi pé àwọn ọmọdé ń gùn wọ́n ṣeré. Ẹni tí a kò ra oògùn fún là ń ra bọ́tà fún. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, ṣùgbọ́n kò sí ilé kan ní àdúgbò wa tí mo lè nàka sí, nítorí gbogbo wa la ti ṣe é.

Láti ọjọ́ tí bàbá ti kú ni wọ́n ti fẹnu kò pé ọjọ́ kejìlá náà gan-an ni Késà, ọmọbìnrin àgbà tí Pókárì bí, yóò lọ sílé ọkọ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é. Ládù ti wà nílẹ̀, ẹbí ti pé, àgọ́ ti dúró. Kí la tún fẹ́ máa dáná àsè mìíràn sí? Késà ti tó ọmọ ogún ọdún, ó ti rí Déwà ọkọ rẹ̀, ó sì wù ú. Rúkúmà ìyá rẹ̀ kò ní ohunkóhun lọ́kàn nípa ìyẹn. Láti ìdájí ló ti wà nídìí iná.

Ní òwúrọ̀, àwọn obìnrin jókòó yí ọpọ́n ìyẹ̀fun ká, wọ́n ń tẹ àkàrà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń jù sínú òróró. Jámúnà, aládùúgbò tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ló ń darí ọ̀rọ̀.

"Nílé Bẹ́rà lọ́dún tó kọjá, bọ́tà ń ṣàn débi ìgúnpá," ó ní. "Mo fọ aṣọ mi títí, àbàwọ́n ò kúrò."

"Bẹ́rà wo?" ni Súńdà, ìyàwó Hajárì, fi dá a lóhùn. "Ẹ ṣáà dúró dìrọ̀lẹ́. Bẹ́rà fúnra rẹ̀ á gbàgbé pé òun sìnkú rí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Jámúnà wá yíjú sí Rúkúmà. "Mo tiẹ̀ gbọ́ pé ìyàwó méjì lẹ fẹ́ gbé jáde, Ìyá Késà. Ẹ ò sì sọ fún wa. Àbí ẹ fẹ́ dá yọ̀ ni?"

"Ìyàwó méjì báwo?"

Ọwọ́ gbogbo wọn dúró nínú ìyẹ̀fun. Súńdà nu tirẹ̀ mọ́ aṣọ. "Mo fẹ́ sọ fún ọ lánàá, wàhálà ni ò jẹ́. Déwà ní àbúrò kan, Nárù. Àwọn àna wa ní kí Pémì náà bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó. Ṣebí kò ní lọ síbì kankan báyìí. Ọ̀dọ̀ rẹ ló máa wà títí á fi bàlágà."

"Kíláàsì karùn-ún ni Pémì wà, Ìyáálé."

"Mo mọ̀. Ṣé kì í ṣe ọmọ tèmi náà ni?"

Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, Pémì, àbúrò Késà, yóò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìlú, èyí tí wọ́n ń gbé inú rẹ̀. Pókárì bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló mú un wọ bọ́ọ̀sì lọ wò ó. Láti ọjọ́ yẹn ni ọmọ náà ti ń sọ̀rọ̀ ibùsùn kan tó wà lábẹ́ fèrèsé, tó ń bẹ̀rù pé ẹlòmíràn á ti débẹ̀ kí òun tó dé. Gbogbo ilé ni ibùsùn náà ti sú. Rúkúmà nìkan ni kò sú. Òun ló máa ń ní kó tún sọ ọ́.

Ó dìde nídìí ìyẹ̀fun. Ìyàwó kì í bá ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ tààrà nílẹ̀ wa. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú Rúkúmà wọlé, Hajárì kò tíì rí ojú rẹ̀ rí. Ẹni tó bá wà láàárín wọn ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Rúkúmà fa ìbòrí rẹ̀ wálẹ̀ dé àgbọ̀n, ó di Késà mú ní apá, wọ́n sì lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí Hajárì, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Mọ́hàn, ti ń mu tíì.

"Késà, sọ fún Bàbá Mọ́hàn pé ọmọdé ni Pémì."

Hajárì kò dúró kí ọmọ náà la ẹnu. Inú ife tíì ló ń wò. "Késà, sọ fún ìyá rẹ pé mo mọ ọjọ́ orí gbogbo ọmọ tó wà nínú ilé bàbá mi."

"Sọ fún wọn pé ó ń lọ sílé ẹ̀kọ́ ní ìlú."

"Sọ fún un pé Gúmánà, bàbá àwọn ọkọ wọn, ti ní ìyàwó ilé òun ò ní máa sùn sáàárín àwọn tí òun ò mọ̀. Èmi náà sì ti gbà."

"Sọ fún wọn pé mo bẹ̀ wọ́n."

Hajárì gbé ife tíì náà sílẹ̀. Kò jágbe, ì bá sàn kó jágbe. "Késà, sọ fún ìyá rẹ pé bí ìyàwó bá jẹ́ ẹyọ kan, ìgbéyàwó lásán nìyẹn. Méjì ni dúmúdámú. Òní ni wọ́n máa wé láwàní bàbá mi fún mi níwájú gbogbo ayé. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni délé kó ní ó ku díẹ̀."

Ní gbogbo àkókò yìí, Késà kàn dúró láàárín wọn, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì lè nù ún nítorí làálì tútù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì.

Rúkúmà bá ọkọ rẹ̀ níbi tí wọ́n ń kó koríko màlúù pamọ́ sí. Pókárì ti fá irun orí rẹ̀ nítorí òkú, orí náà ń dán, ó sì jẹ́ kó dà bí ẹni tí àìsàn ṣe.

"O mọ̀," ni Rúkúmà ní.

"Wọ́n sọ fún mi lálẹ́ àná."

"O sì sùn."

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Bàbá mi ló kú. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń gbé ẹrù gbogbo ẹ̀. Ṣé kí n wá dìde lójú àwọn àna kí n ní mi ò gbà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìwọ náà mọ̀ pé kò ṣeé ṣe."

"Ìwọ lo mú un wọ bọ́ọ̀sì, Bàbá Késà. Kì í ṣe èmi. Ìwọ lo fi ibùsùn hàn án."

Pókárì bẹ̀rẹ̀ sí í di koríko tí kò nílò dídì. "Wọ́n á tọ́jú rẹ̀. Inú ilé kan náà ni òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa wà. Ìyẹn náà dáa."

"Ta ló ń sọ ìyẹn fún ọ?"

Mo ti mọ Pókárì láti kékeré, kò burú. Ó kàn jẹ́ ẹni tí wọ́n máa ń sọ ọ̀rọ̀ fún lẹ́yìn tí wọ́n bá ti parí rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Ọmọbìnrin wa kì í yí iná ìgbéyàwó ká, èyí tó ń sọ ọ́ di ìyàwó, láìjẹ́ pé arákùnrin ìyá rẹ̀ mú máírà rẹ̀ wá: aṣọ ìyàwó, ẹ̀gbà ọwọ́, àti ìbòrí pupa tí yóò fi bo ìyá ọmọ náà lórí lẹ́nu ọ̀nà lójú gbogbo ènìyàn. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Bí máírà ọmọ kan kò bá dé, àwọn àna á ní a kò fẹ́ fi ọmọ náà fún àwọn tọkàntọkàn, wọ́n á sì mú ọmọkùnrin wọn dìde lórí àga. Rúkúmà ní àbúrò ọkùnrin kan, Máńgì, tó ń gé òkúta níbi tí wọ́n ti ń wà á. Ìyá wọn kú nígbà tí Máńgì ṣì ń rákòrò, ẹ̀yìn Rúkúmà ló sì ti kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Bí Máńgì bá mú máírà ẹnì kan wá, ẹnì kan ni yóò gbéyàwó. Kò ní sí ẹni tó lè sọ pé Rúkúmà ló kọ̀.

Fóònù Pókárì wà níbi tó ti ń gba iná nínú yàrá àárín. Súńdà jókòó síbẹ̀, ó ń to ẹ̀gbà. Rúkúmà dúró díẹ̀ bóyá yóò jáde. Kò jáde.

"Máńgì."

"Ẹ̀gbọ́n mi. A ti ń múra o. Bàbá Mọ́hàn ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí báyìí, wọ́n ní ọmọ méjì ni."

Súńdà gbójú sókè.

"Ọ̀kan ni kí o mú wá," ni Rúkúmà ní.

"Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀."

"Ọ̀kan, Máńgì. Ti Késà nìkan. Fetí sí mi. Mo fi ìyá wa bẹ̀ ọ́."

Máńgì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tó mọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dénú. "Ó yé mi, Ẹ̀gbọ́n mi. Ó yé mi dáadáa. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Rúkúmà gbé fóònù náà padà síbi iná. Súńdà ń wò ó tìfẹ́tìfẹ́. "O ṣàánú àbúrò rẹ," ó ní. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi náà kì í fẹ́ kí tèmi ná ara rẹ̀ tán."

Láti ìgbà náà ni ara Rúkúmà ti balẹ̀, débi pé ó ya àwọn obìnrin lẹ́nu. Ó jẹ́ kí wọ́n fi làálì sí Pémì lọ́wọ́. Pémì tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ síwájú, kò mira, ó ń fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i kó lè yára gbẹ, ó sì ń béèrè bóyá yóò ṣì wà lọ́wọ́ òun bí wọ́n bá wọlé ní ọjọ́ Mọ́ńdè kí ẹgbẹ́ òun lè rí i. "Ó máa wà," ni ìyá rẹ̀ ní. Nínú ara rẹ̀, Rúkúmà ti rí i bí ilẹ̀ ṣe máa ṣú, tí Késà máa lọ, tí Pémì máa fọ ọwọ́ rẹ̀ tó sì máa jẹ àjẹkù ládù. Ó tilẹ̀ jẹun díẹ̀.

Nígbà tí oòrùn yẹ̀, àwọn àlejò ń wọlé bí omi. Wọ́n jókòó ní ìlà lórí ilẹ̀, àwọn ọkùnrin ń sáré pẹ̀lú korobá ládù, wọ́n ń bẹ ẹni tó ti yó pé kó gba ẹyọ kan sí i nítorí òkú. Wọ́n wé láwàní olórí ilé fún Hajárì. Aṣọ náà gùn, ó kọ́ bí òkìtì sórí rẹ̀, ó sì ní láti máa yí ọrùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó má baà tú. Ẹni tó bá kọjá lẹ́nu ọ̀nà ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́nu àwọn tó ń fọwọ́: dúmúdámú lèyí, dúmúdámú gidi ni. Inú Hajárì dùn. Kò sí ẹni tó dárúkọ Bágítà.

Wọn kò tíì rí Máńgì nígbà tí wọ́n ti gbọ́ ọ. Katakata mẹ́ta ló kó àwọn ará abúlé rẹ̀, ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà lórí ti àkọ́kọ́, ilẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Àwọn obìnrin sáré jáde. Máńgì ló ṣíwájú, ó wé láwàní pupa, ó gbé àwo ńlá sórí ọwọ́, gbogbo eyín rẹ̀ ló wà níta. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọkùnrin gbé àpótí páànù kan. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n tún gbé òmíràn.

"Ẹ wo àbúrò," ni Jámúnà ní. "Ẹ̀yin tí ẹ ní àbúrò, ẹ wò ó dáadáa."

Rúkúmà ti gun pákó lẹ́nu ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí àṣà, ó di àwo àtùpà mú. Ó rí àpótí kejì. Nígbà tí Máńgì dé iwájú rẹ̀, ó na ìbòrí pupa, ó bò ó lórí, ó sì gbá a mọ́ra bí arákùnrin ṣe ń gbá arábìnrin rẹ̀ mọ́ra lọ́jọ́ náà. Wọ́n jọ wà lábẹ́ aṣọ kan.

"Ọ̀kan ni mo ní," ni Rúkúmà wí sí i létí.

"Gbogbo ẹ̀gbọ́n obìnrin ló ń sọ bẹ́ẹ̀," Máńgì dáhùn, ohùn rẹ̀ kún fún ayọ̀. "Kí wọ́n wá máa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ nílé ọkọ pé ọwọ́ àbúrò yín kúrú? Ṣé ó burú tó bẹ́ẹ̀ fún mi lójú yín ni? Mo mú Kámlì ọmọ wa lọ sí ìsọ̀ aṣọ, mo ní kó wọ̀ ọ́ wò, torí òun àti Pémì jọ ga ni. Ó bá a mu gẹ́ẹ́."

"Máńgì. Mi ò fẹ́ kí wọ́n gbé Pémì níyàwó. Máírà yìí nìkan ni mo fẹ́ fi dí ọ̀nà."

Ọwọ́ Máńgì tó wà léjìká rẹ̀ dẹ̀. Ní òde aṣọ náà, àwọn obìnrin ń kọrin, Súńdà sì ti gbé ìbòrí kejì lé e lọ́wọ́ pé kó tún bo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ti Pémì rèé.

Rúkúmà fi ọwọ́ ti ìbòrí náà sẹ́yìn. "Rárá," ó ní, ketekete, lójú gbogbo wọn. Ó tún un sọ.

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rere. "Ẹ wò ó, ojú ń tì í," ni ẹnì kan ní. "Ó ní àbúrò òun ti ná jù." Jámúnà fa ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní, "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, Ìyá Késà, ẹ jẹ́ kó yọ̀." Súńdà fúnra rẹ̀ ló bò ó lórí. Wọ́n sì gbé àpótí kejì wọlé.

Aṣọ náà bá Pémì mu. Kò sí ibi tí wọ́n ní láti fi abẹ́rẹ́ mú. Ó yí lẹ́ẹ̀kan, yẹ̀rì náà fẹ̀, dígí kéékèèké tí wọ́n rán mọ́ ọn ń tan ìmọ́lẹ̀ sára ògiri, ó sì ní, "Ìyá mi, ẹ wò ó." Rúkúmà wò ó. Ìbòrí méjì ló wà lórí ìyá náà, ẹnikẹ́ni kò rí ojú rẹ̀.

Nígbà tí màlúù ń wọlé, tí eruku ń pọ́n lójú ọ̀run, wọ́n mú àwọn méjèèjì jókòó nínú àgọ́. Késà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Déwà, Pémì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Nárù, ọmọ tí láwàní bo etí rẹ̀ tó sì ń tòògbé. Wọ́n dá iná. Rúkúmà jókòó lẹ́yìn àwọn ọmọ rẹ̀.

Ìgbà náà ni Máńgì wọlé láti ẹnu ọ̀nà, níbi tó ti dúró láti ọ̀sán. Ó gba àárín àwọn àlejò kọjá tààrà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ẹ dá a dúró," ó ń wí. "Mo gba máírà mi padà. Ti ọmọ kékeré yẹn, mo gbà á padà." Ṣùgbọ́n àwọn ará abúlé rẹ̀ ti rí i, wọ́n sì ti mú kí ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọn dún sí i nítorí rẹ̀. Èmi tí mo wà nítòsí, ètè rẹ̀ ni mo fi mọ ohun tó ń sọ. Ó tún kígbe. Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ.

"Ẹ wo bí inú rẹ̀ ṣe dùn tó," ni Jámúnà pariwo sí mi létí.

Àwọn ọkùnrin yí i ká. Ẹnì kan gbá ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún mú, ẹlòmíràn gbá tòsì, wọ́n gbé wọn sókè sí i. Ó ń yí kó lè rí ọ̀nà jáde, wọ́n sì ń bá a yí. Hajárì náà dìde, ó fi ọwọ́ kan di láwàní rẹ̀ mú, ó fi owó tuntun yí Máńgì lórí ká, ó jù ú sí àwọn onílù. Gbogbo àgọ́ pàtẹ́wọ́.

Lórí àga, Pémì rí i. Kò tíì rí àbúrò ìyá rẹ̀ kó jó rí. Ó rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín débi pé ìbòrí rẹ̀ yọ̀ sẹ́yìn, tí gbogbo ojú kékeré náà sì hàn. Àlùfáà náwọ́ sí i pé ó tó àkókò láti yí iná ká. Rúkúmà na ọwọ́, ó fa ìbòrí náà padà sórí ọmọ rẹ̀, ó sì dì í mú ní apá kó lè dìde.